Ayàwòrán Tí Kò Rí Ilẹ̀ Yà ní Dùgbẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ya oko, ibi tí ojú ti lè lọ jìnnà ló máa ń wá. Á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sétí igbó, á dúró de oòrùn títí yóò fi yẹ̀ díẹ̀ kí òjìji lè gùn. Ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi lélẹ̀, kó tó kan igi, kó tó kan òkè, kó tó wá kan sánmà. Bí èèyàn bá tiẹ̀ wà nínú àwòrán náà, àgbẹ̀ kan ṣoṣo ni lọ́ọ̀ọ́kán, tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, tí a kò sì mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Mú irú ayàwòrán bẹ́ẹ̀ wá sí ọjà Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, láago mẹ́wàá àárọ̀, kí o ní kó ya ilẹ̀ fún ọ. Ilẹ̀ dà? Èèyàn ti bò ó. Ibi tí èèyàn kò bò, ẹrù bò ó. Ibi tó ṣẹ́ kù, mọ́tò ti gorí ẹ̀. Sánmà pàápàá, wáyà iná àti páànù ìsọ̀ ti pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ní 1964, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jacob Lawrence dé sí Ìbàdàn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Gwendolyn Knight, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n lò ní Nàìjíríà. Lára iṣẹ́ tí ọkọ ṣe nígbà náà, ọ̀kan wà tó pè ní Street to Mbari, èyí tí àwa lè máa pè ní Ọ̀nà Mbari. National Gallery of Art ní Washington ló ni ín báyìí, ẹni tó bá sì ní íntánẹ́ẹ̀tì lè wò ó lórí fóònù. Kò tóbi rárá: gíga rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 57 lọ, ìbú rẹ̀ kò sì pé 80. Orí pépà ló yà á sí. Èmi ka àwòrán yìí mọ́ àwọn àwòrán ilẹ̀ tó dára jù lọ tí ẹnikẹ́ni tíì yà nípa ìlú Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ lásán kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀. Ohun tí Lawrence rí ni pé ní Dùgbẹ̀, èèyàn àti ẹrù orí wọn ni ilẹ̀. Àwọn ni òkè, àwọn ni àfonífojì, àwọn náà ni igbó.

Mbari tí orúkọ rẹ̀ wà lára àwòrán yìí kì í ṣe ọjà. Ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé, ayàwòrán àti òṣèré ni, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961. Ulli Beier, ará Jámánì tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà nídìí ẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, J.P. Clark, Christopher Okigbo àti Ezekiel Mphahlele láti Gúúsù Áfíríkà náà wà níbẹ̀. Ilé tí wọ́n gbà wà nítòsí ọjà Dùgbẹ̀, ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì ni tẹ́lẹ̀. Uche Okeke àti Demas Nwoko ló kọ́kọ́ pàtẹ àwòrán síbẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ lọ gbọ́ ewì tàbí wo eré ní Mbari tó débẹ̀, àfi kó la ọjà kọjá, kó máa yà fún aláàárù, kó máa ní “ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọjá” fún aláṣọ àti aláta. Mo rò pé ibẹ̀ ni orúkọ àwòrán yẹn ti wá. Lawrence ìbá pè é ní Ọjà Dùgbẹ̀, torí ọjà ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ọ̀nà ló pè é, ọ̀nà ibi tí òun àti ẹgbẹ́ òun ti ń ṣe iṣẹ́. Bí ẹni tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ ṣe ń wo ọjà yàtọ̀ sí bí ẹni tó wá nájà ṣe ń wò ó. Ẹni tó wá nájà ń wá ojú tòmátò tó pọ́n. Ẹni tó ń kọjá, gbogbo rẹ̀ ló ń wò, torí gbogbo rẹ̀ ló dí i lọ́nà.

1964 kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Lawrence máa wá sí Nàìjíríà. Ní 1962, wọ́n ti pàtẹ àwòrán rẹ̀ ní Èkó àti ní Mbari Ìbàdàn, ó sì tẹ̀lé wọn wá. Àbẹ̀wò ráńpẹ́ ni. Ó padà sí New York, àmọ́ ojú rẹ̀ kò tíì kún. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló tún kó ẹrù, tòun tìyàwó.

Irú ojú wo ló gbé wá? Wọ́n bí Lawrence ní Atlantic City ní 1917. Virginia ni ìyá rẹ̀ ti wá, bàbá rẹ̀ wá láti South Carolina, àwọn méjèèjì sì wà lára ẹgbàágbèje aláwọ̀ dúdú tó fi gúúsù Amẹ́ríkà sílẹ̀ gba àríwá lọ wáṣẹ́. Òbí rẹ̀ pínyà, ọmọ ń ti ọwọ́ alágbàtọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó sì tó ọmọ ọdún 13 kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Harlem. Ìyá ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì fẹ́ kí ọmọ máa rìn gbéregbère ládùúgbò, ló bá fi í síbi tí àwọn ọmọ ti ń lọ lẹ́yìn ilé ìwé. Charles Alston ló ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Lawrence fúnra rẹ̀ máa ń sọ lágbà pé àwọ̀ àti batani tí àwọn aláìní Harlem fi ń ṣe ilé wọn lọ́ṣọ̀ọ́ ló la ojú òun. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà tó parí iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí ní 1941, ìyẹn Migration Series, 60 pátákó kéékèèké tó fi sọ ìtàn ìrìn àjò àwọn òbí rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ilé àkójọ méjì ló pín in: Museum of Modern Art ní New York mú ìdajì, Phillips Collection ní Washington mú ìdajì.

Àkọ́kọ́ nínú àwọn 60 yẹn, èrò ibùdókọ̀ ojú irin ni. Wọ́n ń rọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà mẹ́ta tí a kọ Chicago, New York àti St. Louis sókè wọn. Èjìká la rí, fìlà la rí, a rí àpò àti ẹ̀wù òtútù, ojú èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Nígbà tó fi máa di 1964, èrò kì í ṣe ohun àjèjì lójú ọkùnrin yìí mọ́. Ní Ìbàdàn pàápàá, ojú irin kò jìnnà sí Dùgbẹ̀, torí reluwé ti wọ Ìbàdàn láti 1901, ibùdó rẹ̀ sì wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, àwọn ará Lẹ́bánónì àti àwọn oníṣòwò tiwa kóra jọ sí apá ibẹ̀ yẹn. Àmọ́ èrò kò jọ èrò. Ti Amẹ́ríkà yẹn, ibì kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí, ìyà ló lé wọn. Ti Dùgbẹ̀, oníkálukú ló ní ibi tó ń lọ: ẹni kan ń bọ̀, ẹni kan ń lọ, ẹni kan dábùú ọ̀nà ń wo aṣọ. Láti ya àwọn tó kọjú síbì kan rọrùn. Ọfà kan ṣoṣo ni. Láti ya àwọn tó ń lọ káàkiri láìjẹ́ kí pépà dàrú, ìyẹn ló gba ọwọ́ ọgá.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bó ṣe ṣe é. Ìsọ̀ àti ilé ìtajà wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ọ̀nà wà láàárín, èrò sì kún un láti etí pépà nísàlẹ̀ títí dé ọ̀ọ́kán. Ohun tó gbá gbogbo rẹ̀ mú ni òrùlé. Páànù Ìbàdàn, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìpẹtà, tí àwọn akéwì ti fi kéwì, Lawrence kò bá wọn tẹ̀lé ìpẹtà rẹ̀. Ìlà rẹ̀ ló wù ú. Páànù kì í tẹ́jú. Ó ga, ó lọ sílẹ̀, ó ga, ó lọ sílẹ̀. Ó fa àwọn ìlà yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì ń fa ojú rẹ lọ sínú ọjà. O lè má tètè mọ̀ pé páànù ló ń darí rẹ. Ìwọ rò pé èrò lò ń wò.

Ṣé ẹ rí èrò yẹn, ọ̀lẹ ayàwòrán ìbá fara balẹ̀ ya èèyàn márùn-ún níwájú, kó wá fi àmì tóóró-tòòrò ṣe àwọn tó wà lẹ́yìn. Mélòó lára àwòrán ọjà tí wọ́n ń tà létí títì ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Lawrence kò fi ìyà jẹ ẹni tó wà lẹ́yìn. Ó kéré sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ ọrùn rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀, ẹrù orí rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀, ọ̀nà tó kọjú sí ṣì jẹ́ tirẹ̀. Obìnrin tó pọnmọ, o rí i pé ọ̀já ló gba ọmọ náà dúró, ìwúwo ọmọ sì fa ìyá sẹ́yìn díẹ̀.

Ibi tí mo kì í lè gbójú kúrò ni òkè orí wọn. Lókè orí èrò Dùgbẹ̀, ọjà mìíràn tún wà. Igbá, agbọ̀n, ìdì aṣọ, ẹrù tí a dì tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀: gbogbo wọn ń rìn lókè, wọ́n ń pàdé ara wọn, wọ́n ń kọjá lára ara wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kò lẹ́sẹ̀. Ẹni tó gbé New York dàgbà, tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé ẹrù níbẹ̀, lè rí èyí kó fi ṣe ìran àpéwò. Àwọn àlejò ti ya aláàárù wa bẹ́ẹ̀ ní àyàtúnyà. Lawrence kò ṣe ẹ̀rín, kò ṣe àánú. Ó mọ̀ pé ẹni tó fi òṣùká ru ẹrù, ọrùn rẹ̀ kì í mì. Apá àti ìbàdí ló ń mì. Ó fi ẹrù sí ipò tó yẹ ẹ́, ní ìwọ̀n tó yẹ ẹ́, ó sì jẹ́ kí ara gbé e.

Irú ọ̀dà tó lò náà ní ọwọ́ nínú ẹ̀. Tempera ni wọ́n ń pè é, ọ̀dà olómi tó máa ń gbẹ wéré, tí kì í dán tó bá gbẹ tán. Ọ̀dà olóróró máa ń fún èèyàn láyè: o lè fi pupa kan búlúù lórí kánfáàsì, kí o pò wọ́n mọ́ra títí di ọjọ́ kejì, kí o fi ìka nù ún bó bá bàjẹ́. Tempera kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá kán sí, ibẹ̀ ló gbẹ sí. Nítorí náà, pẹ́ńsùlù ni Lawrence kọ́kọ́ fi to gbogbo nǹkan sórí pépà, ó mọ ibi tí gbogbo àwọ̀ máa wà kó tó bu búrọ́ọ̀ṣì sómi. Nígbà tó ń ṣe Migration Series, ó tẹ́ gbogbo pátákó náà kalẹ̀, ó mú àwọ̀ kan ṣoṣo, ó fi lọ káàkiri wọn kó tó mú òmíràn, látorí èyí tó ṣókùnkùn jù wá sórí èyí tó mọ́lẹ̀. Èmi kò sí nítòsí nígbà tó ń ya Ọ̀nà Mbari o. Síbẹ̀, àmì ọwọ́ kan náà ni mò ń rí. Bí ojú rẹ bá mú àwọ̀ kan lára ìró obìnrin níwájú, wàá tún bá a pàdé lára aṣọ tí wọ́n fi kọ́ níwájú ìsọ̀, wàá tún rí i lára ẹrù kan lókè lọ́hùn-ún. Àwọ̀ yẹn ló ń mú ẹ rìn nínú ọjà. Kò sí ibi tí èèyàn lè dúró sí pé òun ti rí i tán.

Aṣọ wá ni olórí ọ̀rọ̀. Gbági wà nítòsí ibẹ̀ lásìkò yẹn, ibi tí gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn ti ń wá ra aṣọ. Ìgàn aṣọ ń bẹ lára ìsọ̀, aṣọ ń bẹ lọ́rùn èèyàn, òmíràn tún wà lórí tí wọ́n rù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ Lawrence dáadáa ti ṣàkíyèsí pé àwòrán rẹ̀ láti Nàìjíríà há, ó sì kún fún batani ju èyí tó ti ń yà tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ti máa ń fi àyè sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ògiri gbalasa, ilẹ̀ gbalasa. Dùgbẹ̀ gba àyè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbàdàn sì ti ní ayàwòrán ìlú tirẹ̀ kí Lawrence tó dé. Àwọn obìnrin aládìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń sọ. Ìyẹ́ adìẹ ni búrọ́ọ̀ṣì wọn, ẹ̀kọ láfún ni ọ̀dà wọn, wọ́n á fi ya ara aṣọ funfun, wọ́n á rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Nínú batani tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn, òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929. Wọ́n pín aṣọ sí ojú-ojú, wọ́n sì to òpó náà sínú ojú tirẹ̀. Kò sí òjìji, kò sí ọ̀ọ́kán, ìlú tẹ́ pẹrẹsẹ lára ìró, a sì mọ̀ pé Ìbàdàn ni. N kò sọ pé Lawrence lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Láti Harlem ló ti ń ya nǹkan pẹrẹsẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tó dé, ó bá àwọn tó ti yanjú ìṣòro rẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn, wọ́n sì ró o mọ́dìí lójú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹnì kan lè ní oko dà nínú gbogbo èyí, nígbà tó jẹ́ pé orí ẹni tó ń ya oko la ti bẹ̀rẹ̀. Oko wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé ìlú yìí kò fìgbà kan ya ara rẹ̀ kúrò lára oko. Agboolé wà ní Ọjẹ́ tàbí ní Bẹẹrẹ, abà wà lọ́nà Ìdó tàbí lọ́nà Akínyẹlé, ẹni kan náà ló ń gbé méjèèjì. Iṣu, èlùbọ́, ata àti ewé mọ́ínmọ́ín ń wọ ìlú láràárọ̀. Kòkó ń kọjá lọ sójú irin nígbà náà. Wo àkọlé díẹ̀ lára àwòrán tí Lawrence ṣe ní 1964 yẹn kan náà: Four Sheep, Roosters, Meat Market. Àgùntàn, àkùkọ, ẹran. Inú ìlú ló jókòó sí, ohun abà ló ń yà, torí abà ló ń wá bá a.

Mo fẹ́ràn ìyẹn ju àwòrán oko tí wọ́n ń gbé kọ́ gbàgede òtẹ́ẹ̀lì wa lọ: ahéré mẹ́ta, ọ̀pẹ méjì, oòrùn pupa tó ń wọ̀, kò sẹ́ni tó ń roko níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ̀. Kì í ṣe pé igbó kò ṣeé yà o. Abáyọ̀mí Barber, ọmọ Ifẹ̀ tí wọ́n bí ní 1928, ya igi àti òkè pẹ̀lú sùúrù, ó sì fi ọ̀nà náà han àwọn ọmọ iṣẹ́ ní Yunifásítì Èkó. Lọ́wọ́ tirẹ̀, ewé ní ìwúwo. Ti òtẹ́ẹ̀lì yẹn ni kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ohun tí Lawrence kò yà náà yẹ ká wò. Lọ́dún tó wà ní Ìbàdàn, wọ́n ń kọ́ Ilé Kòkó lọ́wọ́ ní Dùgbẹ̀ gan-an, àjà 26, owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1965. Kò sí ilé tó ga tó o ní Nàìjíríà nígbà náà. Ayàwòrán ìjọba ìbá fi sí àárín gbùngbùn. Nínú Ọ̀nà Mbari, kò sí ilé gogoro kankan. Ọmọ New York ni, ilé gogoro kò lè ya ọmọ New York lẹ́nu. Páànù àti òṣùká ló yà á lẹ́nu.

Mo ní ẹ̀sùn kan sí i ṣáá. Ojú àwọn èèyàn rẹ̀ kò kún fún àlàyé, nítorí náà ẹnu wọn kò sọ nǹkan kan sí mi létí. Bẹ́ẹ̀ ẹnu ni ọjà wa: ìdúnàádúrà, èébú tí kò dé inú, “oníbàárà mi, ẹ padà wá”, obìnrin tó ń fi orúkọ pe ẹni tí kò mọ̀ rí. Nínú àwòrán yìí, gbogbo ìṣípòpadà ọjà pé, ariwo rẹ̀ kò dé. Bóyá ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè ya ìyẹn. Bóyá tempera ni kò gbà á.

Wọ́n kó ọjà aṣọ kúrò ní Gbági tipẹ́ lọ sí Gbági tuntun lọ́nà Ifẹ̀. Lawrence padà sí Amẹ́ríkà kí 1964 tó parí, ó kó lọ sí Seattle ní 1971 láti máa kọ́ni ní Yunifásítì Washington, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 2000. Ọjà Ìbàdàn kò tètè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1966, tó ti padà sílé, ó ṣì ya òmíràn, Market Scene. Chrysler Museum of Art ní ìlú Norfolk ló ni ìyẹn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àpàtẹ kan ní 2022 tó kó àwọn àwòrán Nàìjíríà rẹ̀ jọ pẹ̀lú iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mbari, kí àpàtẹ náà tó lọ sí New Orleans àti Toledo. Virginia ni Norfolk wà, ìpínlẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ gba àríwá lọ kí wọ́n tó bí i.